Ọbẹ̀ Tí Mo Ní Mo Sè Lọ́tọ̀ fún Àlàájì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ọmọ mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n ti ń fi ohun tí n kò ṣe yìn mí, n kò sì lè gbé ìyìn náà mọ́.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni mo kọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ ní Sango. Nígbà tí wọ́n dá wa dúró, ẹnìkan mú mi lọ sọ́dọ̀ òyìnbó obìnrin kan ní Ilo-Awela. Màmá Ilona la máa ń pè é. Ará ilẹ̀ Họ́ngárì ni. Ọmọ Ọ̀tà ni ọkọ rẹ̀, tó lọ kàwé lọ́hùn-ún kí wọ́n tó pàdé. Nígbà tí ọkọ kú, Màmá kò padà sí Họ́ngárì. Ó ṣí ilé oúnjẹ síwájú ilé wọn, tábìlì mẹ́fà péré, ó ń ta oúnjẹ ilé ìyá rẹ̀ fún wa.

Ó kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Ọbẹ̀ màlúù olómi pupa tí wọ́n ń pè ní gúláàṣì, tí a máa ń fi tàtàṣé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná sè. Kábéèjì tí a fi wé ẹran lílọ̀ àti ìrẹsì. Ìyẹ̀fun tí a pò, tí a tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a dín, tí a fi ááyù pa lára. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni àwọn yunifásítì ń ṣí lọ́tùn-ún lósì, tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ń kó èrò wá sí Ọ̀tà láti ibi gbogbo. Àwọn olùkọ́, àwọn òbí tó wá wo ọmọ wọn, àwọn òyìnbó ilé iṣẹ́, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se oúnjẹ yìí nílùú Màmá, òun náà ló sì ń lò. Kò fi pamọ́. Ó ní kí a máa se ìkòkò mìíràn, òróró ẹ̀pà nìkan, fún àwọn Mùsùlùmí. Ìdérí búlúù ló wà lórí rẹ̀. Ó ní síbí kan náà kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò méjèèjì.

Àlàájì kan wà tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì ní òpópónà wa. Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, bó bá ti kírun tán, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ lò ń dáná. Ṣé mo lè jẹ ẹ́?”

Mo ní, “Ẹ jẹ ẹ́ sà, lọ́tọ̀ la se tiyín.” Òótọ́ ni lọ́jọ́ náà.

Jímọ̀ kan, yunifásítì kan ń ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Èrò pọ̀ ju àga lọ. Ìkòkò onídèérí búlúù ti tán kí Àlàájì tó dé, òun àti àlejò méjì. Màmá kò sí nílé. Ó yẹ kí n sọ pé ó ti tán. Gbólóhùn kan péré ni. N kò sọ ọ́. Mo bù nínú ìkòkò ọlọ́ràá, mo gbé e fún wọn. Àlàájì jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu àwo, ó ní ọbẹ̀ tòní dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni, bóyá n kò ní kọ̀wé sí yín. Nígbà tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, mo tún ṣe é. Ẹsẹ̀ ti ń dun Màmá, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìdáná mọ́. Nígbà tó yá, ìkòkò ọlọ́ràá kan ṣoṣo ni mo ń sè láàárọ̀, tí mo ń bu ìdajì rẹ̀ sínú ìkòkò onídèérí búlúù. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. N kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ni mo ń sá fún. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò tó àwáwí.

Àwọn ọmọ Màmá wá mú un padà sí Họ́ngárì, ilé oúnjẹ sì kú. Mo gbọ́ pé òun náà ti kú lọ́hùn-ún. Kò mọ̀ pé mo ti sọ òun di òpùrọ́.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Tóyìn ọmọbìnrin mi àti ọmọkùnrin Àlàájì ti ń fẹ́ra wọn láti yunifásítì, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni wá. Lóṣù tó kọjá, nítorí ọjọ́ orí Àlàájì, àwa la lọ sílé wọn ní Ọ̀tà kí ẹbí lè mọ ẹbí. Àbúrò Àlàájì ni kò gbà. Ó ní àwọn kò mọ ohun tí wọn yóò máa fún ọmọ àwọn jẹ nílé àna. Àlàájì ti darúgbó, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dákẹ́ fún un.

Ó ní, “Obìnrin tó jókòó yìí se oúnjẹ mi lọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ. Mo fi ohun tó ń wọ ẹnu mi sí i lọ́wọ́, kò já mi kulẹ̀. Kí ló dé tí n kò ní fi ọmọ mi sí i lọ́wọ́?”

Àbúrò rẹ̀ dìde, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ èmi. Mo ń wo ilẹ̀. Tóyìn di ọwọ́ mi mú, inú rẹ̀ ń dùn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àlàájì láti jẹ́wọ́. Fúnra rẹ̀ ló gbé àga fún mi, ó ń pè mí ní àna rere. Mo ní mo kàn yà kí i ni. Mo sunkún nínú mọ́tò títí dé Àtàn tí mò ń gbé.

Pásítọ̀ mi ní Ọlọ́run ti dárí jì mí, kí n pa ẹnu mi dé, kí n má ba ayé ọmọ mi jẹ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan kọ́ ni mo tàn jẹ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ? Àbí ọrùn tèmi nìkan ló wà? Ṣé ó yẹ kó mọ̀ kó tó fi ayé sílẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá tó ní ọmọbìnrin, ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá sí i. Ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé Àlàájì ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, tàbí Tóyìn, kó lè mọ irú ìyá tó bí òun? Ohun tó bá le ni kí ẹ sọ fún mi, màá gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáà sọ pé kò tó nǹkan. Àlàájì kò ní sọ bẹ́ẹ̀.