Owó Ẹyọ Póláńdì Tí Mo Jù Sódò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí nínú tán. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sin ìyá ọkọ mi, láti ìgbà náà ni mi ò ti gbádùn ara mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé Màmá, ìyá ọkọ mi, ní Ìgandò ni gbogbo wa ń gbé: èmi, ọkọ mi, àti Dúpẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Káyọ̀dé, àkọ́bí Màmá, ti lọ sí Póláńdì. Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Owó ẹyọ fàdákà kan tó fi ránṣẹ́ sí Màmá ló kù. Wọn kì í ná irú rẹ̀, ìrántí ni. Wọ́n ya ààfin ọba àtijọ́ kan sí i lára, ilé olókùúta gàgàrà. Màmá ò rí sàréè ọmọ rẹ̀, owó yẹn ló ń sunkún lé.

Mi ò tíì rí ọmọ bí nígbà náà. Wòlíì ìjọ wa ríran sí mi: "Mo rí ilé olókùúta kan, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ọmọ yín mọ́." Kò ní kí n mú nǹkan kankan o. Èmi ni mo fi òye ara mi rò ó dé ìdí owó Màmá. Mo jí i. Mo wọ sùtánà mi, mo lọ sódò tí wọ́n ti máa ń wẹ̀ fún wa, mo jù ú sómi.

Kò pẹ́, mo lóyún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Nígbà tí Màmá wá owó náà tì, Dúpẹ́ ló ń gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, òun ni wọ́n sì dì mú. "Màámi, mi ò mú un jàre, ẹ gbà mí gbọ́!" Màmá ò gbà. Ó tú gèlè, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹni tó mú un, ojú rẹ̀ ni yóò fi rí òkú ọmọ tirẹ̀. Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, tèmi tikùn níwájú.

Wọ́n lé Dúpẹ́. Akówọ̀njò ló ń gbé báyìí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá, ẹ̀yìn géètì ló dúró sí. Ẹbí ò jẹ́ kó wọlé. Ọmọ mi fà mí láṣọ: "Mọ́mì, ta ni àǹtí tó ń sunkún yẹn?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Dúpẹ́ á wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ tí mo bá jẹ́wọ́ ni èpè yẹn á jà, èmi ni mo sì fẹnu ara mi gbà á lé ọmọ mi lórí. Màmá nìkan ló lè yí i padà, èmi náà sì wà lára àwọn tó bu erùpẹ̀ lé e lórí.