Wàrà Tí Mo Rẹ Sínú Omi Iyọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ títí ẹ ó fi kà á tán. Ó ti lé ní ọdún méjì tí nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. N kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ mu ọmú kan náà. Ọkọ mi ni mo ṣẹ̀, kò sì lè gbọ́ ọ yé mọ́ báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín.

Olùkọ́ ni èmi àti ọkọ mi. Èkìtì la ti wá, a sì ti ń gbé ní Ẹgbẹ́dá láti ìgbà tí ọmọ wa kan ṣoṣo, Bùsọ́lá, ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọkọ mi fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó jìnnà sí iyọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí oúnjẹ kò bá dùn, kò ní bá ènìyàn jà. Yóò kàn rọra ti abọ́ sẹ́yìn, yóò ní, "Ìyá Bùsọ́lá, ó ti tó," yóò sì dìde. Láti ìgbà tí mo ti yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń ti abọ́ sẹ́yìn. Ó ń rù. Ẹ̀wù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wá dà bí ẹni pé ó yá a wọ̀ ni.

Bùsọ́lá ló mú ọ̀rọ̀ sàláàdì wá. Ilé ìtura kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gíríìsì. Lọ́jọ́ kan ó pè wá lórí fídíò, ó ní òun fẹ́ kọ́ mi ní sàláàdì tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe nílé wọn, pé yóò dára fún ara bàbá òun. Mo rò pé irú tiwa ni, tó máa ń ní ẹ̀wà inú agolo, ẹyin àti kíríìmù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí kò ní kíríìmù rárá, kò tilẹ̀ ní ewé tútù.

Ó ní kí n gé tòmátò tó pọ́n tó sì le, kí n gé e tóbi-tóbi, kí n má rún un. Kí n gé kùkúńbà bẹ́ẹ̀ náà. Kí n gé àlùbọ́sà ní róbótó, kí n fi ata aláwọ̀ ewé tí kì í ta kún un, irú èyí tí a ń fi sí fúráìdì ráìsì. Kí n da èso ólífì dúdú lé e, kí n wá gbé wàràkàṣì funfun ńlá kan lé gbogbo rẹ̀ lórí, kí n da òróró ólífì sí i, kí n sì fọ́n ewé gbígbẹ kan tó fi rán ẹnì kan sí wa lé e.

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ gbọ́ o," ó ní. "Inú omi iyọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú wàràkàṣì yẹn sí. Ẹ má rà á fún Dádì. Wàrà àwọn Fúlàní ni kí ẹ lò, kò ní iyọ̀. Ólífì inú ìgò náà ní iyọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pàápàá.

Mo ra tòmátò àti kùkúńbà ní ọjà Ṣáṣá, mo ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin kan ní Ìkọ̀tún, mo sì ra ólífì inú ìgò ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Òróró ólífì wà nílé, èyí tí a fi ń gbàdúrà. Nígbà tí ọkọ mi rí i tí mo ń dà á sórí tòmátò, ó béèrè bóyá ẹ̀mí burúkú wà nínú tòmátò náà ni. A rẹ́rìn-ín. Ó jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó ní ó dà bí ẹni ń jẹ koríko, ó sì ti abọ́ sẹ́yìn.

Ìgbà kejì, bákan náà.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ mi lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Mo tọ́ wàrà náà wò, ó tẹ́ lẹ́nu mi. Mo wá rò ó pé inú omi iyọ̀ kúkú ni ti àwọn Gíríìkì fúnra wọn ń wà. Mo po iyọ̀ mọ́ omi nínú ike áísíkíríìmù kan, mo kó wàrà sínú rẹ̀, mo dé e, mo sì gbé e sí ẹ̀yìn pátápátá nínú fíríìjì. Ólífì náà, n kò rẹ ẹ́ mọ́. Láti inú ìgò ni mo ti bù ú.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi jẹ abọ́ náà tán. Ó fi búrẹ́dì nu òróró ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Bùsọ́lá, o ti mọ̀ ọ́n ṣe." Ó lọ pe bàbá tí a jọ ń gbé ilé kan náà, ó ní kó wá tọ́ oúnjẹ òyìnbó tí ìyàwó òun ṣe wò. Ẹ jọ̀ọ́, n kò fi ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n mi ò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti yìn mí gbẹ̀yìn kí ọjọ́ náà tó dé.

Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá, ó di ojoojúmọ́. Ara ọkọ mi kún padà, mo sì ń sọ fún ara mi pé tòmátò àti kùkúńbà ṣá ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ènìyàn.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò wálẹ̀. Nígbà tí a padà sílé ìwòsàn, Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ọjọ́ orí Bùsọ́lá, kọjú sí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò fi iyọ̀ sí oúnjẹ Dádì?"

Mo wò ó lójú. Mo ní, "Rárá o, Dókítà. Sàláàdì ni wọ́n ń jẹ."

Ó wá bi ọkọ mi léèrè ohun tó ń jẹ níta. Ọkọ mi tẹrí ba bí ọmọ iléèwé. Ó jẹ́wọ́ pé òun jẹ súyà ní ibùdókọ̀ Command, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Dókítà bá a wí. Èmi náà bá a wí níwájú Dókítà, mo tún bá a wí nígbà tí a délé. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí jù. Kì í ṣe iyọ̀ yẹn nìkan.

Wọ́n fi kún oògùn rẹ̀. Mo dín iyọ̀ kù fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó ti abọ́ sẹ́yìn, mo bá dá a padà sí bó ṣe wà.

Àárọ̀ Sátidé kan ló ṣubú ní bálùwẹ̀. Nígbà tí mo máa fi wọlé, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣeé gbé. Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é.

Bùsọ́lá pè nígbà tí a wà ní wọ́ọ̀dù. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ súyà fún un. Ó ní kí n gbé fóònù sí bàbá òun létí. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ó ní, "Dádì, mo bẹ̀ yín títí. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fa èyí." Omi ń bọ́ lójú ọkọ mi. Mo di fóònù náà mú sí i létí títí ọmọ fi sọ̀rọ̀ tán, n kò sì la ẹnu mi. Láti ọjọ́ náà, Bùsọ́lá kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi nìkan ló ń pè.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde lẹ́nu ọkọ mi, ó kàn ń fà ni. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, á ní, "Ìyá Bùsọ́lá, má bínú. Mo ti sọ ẹ́ di ẹrú. Nítorí súyà." Èmi á ní, "Mo ti dárí jì yín, Bàbá Bùsọ́lá." Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ń dárí jì í. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, inú rẹ̀ sì máa ń dùn.

Rọpárọsẹ̀ náà tún ṣe é ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Èyí mú ọ̀rọ̀ lọ pátápátá. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó má lóye ohun tí a bá ń sọ mọ́, pé kí a má retí púpọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án, mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ògì lọ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ike inú fíríìjì, irọ́ tí mo pa fún Dókítà, fóònù. Ó ń wo fáànù tó ń yí lókè. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó la ẹnu. Mo rò pé ó fẹ́ dá mi lóhùn. Ògì ló ń retí. Mo bu ṣíbí kan sí i lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní ó lè jẹ́ ọjọ́ ogbó ló fà á, tàbí súyà lóòótọ́. Dókítà kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé iyọ̀ kọ́, kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé iyọ̀ ni, nítorí kò mọ̀ pé iyọ̀ wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Bùsọ́lá ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní nítorí tèmi lòun ṣe ń bọ̀, kí n lè sinmi. Ó ní òun kò tíì rí ìyá tó gbìyànjú tó èmi. Nípa bàbá rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun máa lè wọ yàrá yẹn. Bí mo bá dákẹ́, bàbá rẹ̀ á kú pẹ̀lú ìbínú ọmọ rẹ̀ lórí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mi ò rò pé yóò pè mí mọ́, kò sì ní lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, nítorí bàbá náà kò ní gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́wọ́ irú nǹkan báyìí fún ọmọ yín rí, ọ̀rọ̀ wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀? Mo ti gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò tíì kọjá "Bùsọ́lá, ọmọ mi."