Ríìmù Dúdú tí Fọlá Tà fún Adédiwúrà

Ọ̀rọ̀ tí Fọlá ti gbé mì láti ọdún tó kọjá, ọjọ́ Sátidé kan ní Kétu ni kò ṣeé gbé mì mọ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ká a mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó fura. Adédiwúrà, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ gan-an, ló pè é lórí fóònù tó ní, “Bọ̀ọ̀dá Fọlá, èjìká mi ti san, mo fẹ́ padà sórí básíkù. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi yan ríìmù. Ojú yín ni mo gbọ́kàn lé.”

Ìkòsí ni Fọlá ń gbé, ọ́fíìsì kan ní Gbàgádà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló mú Adédiwúrà, tó jẹ́ tíṣà, wọ ẹgbẹ́ wọn tó máa ń fi básíkù sáré ìje. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan, Fọlá ni yóò kọ́kọ́ bi. Nítorí náà ó tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kàmọ́rù, tó ń ta básíkù tòkunbọ̀. Kàmọ́rù kó ríìmù oríṣi méjì síwájú wọn: àlùmíníọ́mù kan tó wúwo díẹ̀, àti kábọ́ọ̀nù dúdú kan tó ń dán, tó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Iye wọn ò jìnnà síra. Adédiwúrà yíjú sí Fọlá, ó ń dúró de ohun tí yóò sọ. Fọlá gbé èyí tó dúdú, ó yí i wò. Ó gbé e sílẹ̀.

“Adédiwúrà, má fi ẹnu mi ra nǹkan kan lónìí,” ó ní. “Jẹ́ ká jókòó síta. Mo ní ọ̀rọ̀ kan, bí mo bá sọ ọ́ tán, o lè má fẹ́ rí mi mọ́.”

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. “Ṣé o rántí pé ìwọ fúnra ẹ lo yan èyí tó dáa lọ́dún tó kọjá?” Fọlá bi í. “Àlùmíníọ́mù ni, níbí náà.” Adédiwúrà ní òun rántí, pé Fọlá ló ní ó wúwo jù. Fọlá ní, “Irọ́ ni mo pa. Ríìmù yẹn ló yẹ ẹni tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó le, kòtò títì ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tí mo wá tà fún ẹ, èmi ni mo ti kọ́kọ́ rà á lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Owó tèmi náà ò tó ra tuntun, ó sì wù mí kí n máa gun kábọ́ọ̀nù bíi tàwọn olówó inú ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí mo tú táyà rẹ̀, mo rí i pé ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí ẹnu túùbù ń gbà yọ. Ìlà tín-ín-rín bí irun. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mi mọ́.”

“Ẹ mọ̀ pé ó ti là kẹ́ ẹ tó gbé e fún mi?”

“Mo mọ̀.”

Fọlá mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ níbẹ̀, ó ṣì lè dà bí àṣìṣe. Ó tẹ̀ síwájú. “Sítíkà tí mo kọ orúkọ ẹ sí, tí mo lẹ̀ mọ́ ríìmù náà, tínú ẹ dùn sí, tó o ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí Mummy ẹ, ojú ibi tó là ni mo fi bò. Mo ń sọ fún ara mi pé ìwọ ò wúwo, pé á gbé ẹ. Owó tó o san fún mi ni mo fi padà wá ra àlùmíníọ́mù tó o fi sílẹ̀. Òun ni mo fi sí básíkù tèmi lọ́jọ́ ìje.”

Adédiwúrà di èjìká rẹ̀ mú níbi tí egungun ti ṣẹ́ lọ́jọ́ ìje náà. Láàárọ̀ Sunday ni, títì Alápẹ̀rẹ̀ sí Ọ̀wọ́rọ̀nṣókí dá, eré sì ti wọ̀ ọ́ lára. Jayé, tí òun àti Adédiwúrà jọ dàgbà ní Mende, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Fọlá wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n gun ibi kan tó wú díẹ̀ lójú títì, ríìmù iwájú Adédiwúrà sì fọ́ bíi bisikíìtì, ó sì fi èjìká lu ilẹ̀.

“Ohun tó burú jù nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ báyìí,” Fọlá ní. “Nígbà tí wọ́n pé lé ẹ lórí, Jayé ń sọ pé òun ò kàn ẹ́. Gbogbo wọn wo ojú mi, torí èmi ni mo wà lẹ́yìn. Mo ní Jayé ló fi táyà ẹ̀ gbá tìẹ. Mo sì kó ríìmù yẹn, mo lọ jù ú sí ààtàn kẹ́nikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.”

Nígbà náà ni omi bọ́ lójú Adédiwúrà. “Mummy mi lé Jayé kúrò ní ọsibítù,” ó ní. “Ó gbé ọsàn wá fún mi. Mi ò gbé fóònù ẹ̀ látìgbà yẹn.” Ó nu ojú. “Ẹ pè é. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi.”

Fọlá pè é, ó sọ ọ́, kò fi ọ̀kan pamọ́. Jayé ní, “Ẹ mọ̀ pé mo ti gbà pé èmi ni? Mo máa ń rí i lójú oorun, bí táyà mi ṣe ń kàn án. Bọ̀ọ̀dá, mi ò lè bá yín jà lórí fóònù. Ẹ wá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Sunday tó tẹ̀ lé e, níbi tí ẹgbẹ́ ti máa ń pàdé ní Alápẹ̀rẹ̀, ó dúró síwájú wọn, ó tún un sọ látòkè délẹ̀, Jayé sì wà níbẹ̀. Ó wá kọjú sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́. “Bówó yín bá kéré,” ó ní, “ẹ ra èyí tó le, ẹ má wo èyí tó ń dán. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣèèṣì ra èyí tó bàjẹ́, ẹ jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má wá ẹni tó gbọ́kàn lé yín láti gbé e fún.” Ó dọ̀bálẹ̀ fún Jayé, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù, ó sì bẹ Adédiwúrà.

Jayé nàwọ́, ó fà á dìde. Adédiwúrà ló sọ̀rọ̀. “Mo ti dárí jì yín, Bọ̀ọ̀dá Fọlá. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè jẹ́ kẹ́ ẹ wà lẹ́yìn mi lórí títì. Bóyá tó bá yá.”

Fọlá ní ó dáa. Nígbà tí wọ́n gbéra, tí Jayé bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adédiwúrà, Fọlá dúró síbẹ̀ títí ẹni tó kẹ́yìn fi kọjá lójú rẹ̀, kó tó gun básíkù tirẹ̀ lọ sílé.