Àpótí Wáyà Tó Dá Àdúrà Dúró

Mo ń dúró de fóònù mi ní ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe kan ní Òkè-Ìlèwó, nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́kùnrin tó gbé gìtá kọ́ èjìká gbé àpótí kan tó kún fún wáyà wọlé.

Bàbá ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa wo nǹkan yìí. Ọmọ mi ní orin ló wà nínú ẹ̀. Èmi rò pé iná ìlú ló fẹ́ máa pín.”

“Bàbá, ẹ̀rọ tó ń dá ohùn ni. Tí mo bá so gìtá mọ́ ọn, tí mo wá ń pààrọ̀ wáyà, ohùn á máa yí padà.”

“Mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó yí padà lóòótọ́. Àlùfáà dá àdúrà dúró, ó ń wá ewúrẹ́ tó há sábẹ́ àga.”

“Wáyà kan ló já, sà.” Ọ̀dọ́kùnrin náà wolẹ̀. “Olórí akọrin ti ní kí n má wá mọ́.”

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá.

“Òun tó jẹ́ pé, bó bá ti lanu, gbogbo wa la ó máa wá ibi tí orin gbà? Òun ló ń lé onígìtá?”

Ó kọjú sí oníṣọ́ọ̀bù. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ́ òjé, kí ẹ fi lẹ wáyà yẹn pọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, èmi ni mo máa gbé àpótí yìí wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n lé èmi náà.”