Ràfátù Kò Rékọjá Lórí Apá Ọkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará Itẹlẹ, ẹ ṣeun tí ẹ jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti gbọ́ tèmi. N kò ní í fi àkókò yín ṣòfò. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ ní ìlú yín yìí ní ọdún tó ṣáájú ogun Hitler. Irọ́ ni. Ẹ gbà á gbọ́ nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́, ẹ sì ti ń fi ṣe ìdájọ́ láti ìgbà náà. Lónìí ni n ó gbà á padà lójú gbogbo yín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kí ìtìjú má baà jẹ́ kí n fo ibì kankan.

Èmi ni Àmúsà Ògúntóyè, ọmọ ilé àwọn agbẹ́gilére ní Ọ̀tà. Àmúsà Oníbọ́ọ̀lù ni ẹ̀yin àgbà ń pè mí. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè mọ̀, ilé iṣẹ́ gẹdú kan wà ní Sango nígbà náà, níbi tí a ti ń la ìtì igi. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ kọ́ àtíbàbà gígùn kan, ó tẹ́ pákó dídán sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì to igi mẹ́wàá tí a gbẹ́ bí ìgò sí òpin pákó náà. Ẹni tó bá ń ṣe eré náà yóò yí bọ́ọ̀lù onígi ńlá kan lọ bá wọn. Ẹni tó bá wó igi jù ló borí. Àwọn òyìnbó ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Sápẹlẹ náà ní irú rẹ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn díje. Ìdí nìyí tí ọ̀gá wa fi fẹ́ gba ẹnì kan tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù fún un, tí kò ní í ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Èèyàn méjì ló kù níwájú rẹ̀: èmi, àti Láwàlì tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi yìí. Láwàlì ń ru pákó, èmi ń pọ́n ayùn. Ọ̀rẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun, mo sì ń fi ìṣirò inú rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù. Láwàlì a kàn mí èémí sínú, a jù ú, igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá a sùn. Apá Irin ni wọ́n ń pè é. "Àmúsà," a ní, "gbé ìwé yẹn sílẹ̀. Igi kò mọ̀wé." Èmi náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Lọ́kàn mi, mo kà á sí ìfiṣòfò pé Ọlọ́run fi irú apá bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kì í jí ṣe ìdánrawò. Ẹ gbọ́ ìgbéraga ọmọ ènìyàn.

Nígbà tí ikán jẹ àwọn igi tó ti òkè òkun wá, ọ̀gá ní kí n gbẹ́ òmíràn, nítorí ó mọ irú ilé tí mo ti jáde. Mo gbẹ́ ọ̀wọ́ méjì. Ahùn, igi fífúyẹ́ tí a fi ń gbẹ́ ère, ni mo fi ṣe ọ̀kan. Ìrókò ni mo fi ṣe èkejì. Mo kun gbogbo wọn ní ọ̀dà funfun. Ojú kò lè dá wọn mọ̀, àfi ọwọ́. Fàlílù, ọmọ àbúrò bàbá mi, nìkan ló sì ń fi ọwọ́ kàn wọ́n, torí òun ló ń tò wọ́n lẹ́yìn ọ̀hún. Ó gbé ọ̀kan, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, èyí mà wúwo. Ṣé ẹ gbẹ́ òkúta sínú ẹ̀ ni?" Mo ní, "Bó bá kan èmi, èyí tó fúyẹ́ ni kí o tò. Bó bá kan Láwàlì, to èkejì." Ó ní, "Láwàlì tó ra bàtà iléyá fún mi?" Mo ní, "Ṣé o fẹ́ ru pákó títí ayé ni?" Ó kó wọn wọlé. Fàlílù ti kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Kí ẹnikẹ́ni má bú u. Ọwọ́ tèmi ni mo fi tirẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ tí àwa méjèèjì máa díje fún iṣẹ́ náà, mo gun kẹ̀kẹ́ wá sí Itẹlẹ ní ìdájí láti wá pe Láwàlì. Ooru ti lé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sùn lórí ẹní, ó na apá ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ràfátù ìyàwó rẹ̀ jáde láti inú yàrá, ó gbé búùtà lọ́wọ́, ó ń lọ ṣe àlùwàlá. Ó rí apá náà, ó dúró. Ó fi ọwọ́ òsì ká ìró rẹ̀ sókè, ó fara ti ògiri, ó sì yí gba ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kọjá. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Àmúsà. Ẹ jẹ́ ó sùn díẹ̀ sí i. Iṣẹ́ agbára ló ń lọ ṣe." Ohun tí ojú mi rí nìyẹn.

Ní Sango, mo ju tèmi, àwọn igi ahùn fò bí ìyàngbò. Láwàlì ju tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù bá igi níbi tó yẹ kó bá a gan-an. Àwọn igi mì, wọ́n sì dúró. Ó tún jù ú, wọ́n tún mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹnì kan láàárín àwọn tó ń ru pákó ní, "Apá Irin ti di apá ẹ̀kọ." Gbogbo àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, olè iṣẹ́ ni n ó kàn jẹ́. Ohun tó burú jù ṣì wà níwájú. Ní ìrọ̀lẹ́, agbo ilé Láwàlì kún. Ìyá rẹ̀, tó ti di olóògbé báyìí, ní ọwọ́ ayé kọ́ nìyí, ọwọ́ ilé ni. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn bàbá wa sọ: obìnrin kì í gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí apá ọkùnrin tó ń lọ síbi agbára. Wọ́n bi Ràfátù. Ó ní òun kò ṣe é, ó búra. Ìyá náà wá kọjú sí mi. "Àmúsà, ìwọ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí lo rí?" Bí mo bá ní n kò rí nǹkan kan, wọn yóò wá ìdí mìíràn. Ẹnì kan lè sọ pé kí wọ́n gbé igi wò. Èyí ni mo rò, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sì gbà ju kí èèyàn ṣẹ́jú. Mo ní, "Ó rékọjá lórí rẹ̀."

Ràfátù kò pariwo. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá Àmúsà, ẹ̀yin mà ni mo kí." Wọ́n dá a padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀tà, pẹ̀lú oyún tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ó wà. Láwàlì kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé. Oko ló lọ. Èmi lọ sí Ìbàdàn, mo lọ sí Sápẹlẹ, mo borí níbẹ̀ pẹ̀lú igi tí n kò gbẹ́. Iṣẹ́ tí mo fi èrú gbà, òógùn ni mo fi ṣe é títí gẹdú fi tán, tí òyìnbó fi kó lọ. N kì í ju ìṣó tó wọ́ nù, n ó lù ú kó tọ́, n ó tún un lò. Èmi yìí kan náà ni mo sọ odidi obìnrin nù.

Ní ìjẹrin, Sírájúdéènì, ìmọ̀le kan ní Ọ̀tà, wá bá mi. Ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ fẹ́ Àdìzát, ọmọ tí Ràfátù fi oyún yẹn bí. Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Bàbá Jìbírílù, a ti wádìí dé Itẹlẹ. Wọ́n ní ìyá ọmọ náà ló pa apá ọkọ rẹ̀. A bi wọ́n pé ta ló rí i, wọ́n ní ẹ̀yin ni. Bí ẹ bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó jáwọ́." Ẹnu mi ti là. Irọ́ náà mọ ọ̀nà ibẹ̀, ó fẹ́ dá jáde fúnra rẹ̀. Mo pa ẹnu dé. Mo ní, "Ẹ dúró dè mí di Jímọ̀. Ẹ wá sí Itẹlẹ."

Mo fa igi méjì yọ nínú àjà, ahùn kan, ìrókò kan, mo gbé wọn tọ Láwàlì lọ ní oko, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé yóò fi ìrókò là mí lórí, n kò sì kúrò níbi tí mo wà. Kò bi mí léèrè eré, kò bi mí léèrè iṣẹ́. Ó ní, "Ó ká ìró rẹ̀ sókè?" Mo ní, "Ó ká a sókè. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ ló yí gbà." Ó jókòó sórí ebè, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Bá mi bẹ̀ ẹ́. Èmi kò ní ojú." Mo lọ bá Ràfátù ní Ọ̀tà, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, bàbá Jìbírílù. Etí tèmi ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ibi tí ẹ ti sọ ọ́ ni kí ẹ lọ ti kó o."

Mo ti kó o nìyí. Ẹ gba igi méjèèjì yìí, ẹ máa gbé wọn fún ara yín, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ wọ̀n wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe gba ẹ̀rí ẹnikẹ́ni nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gbé nǹkan wò kí ẹ tó dájọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Láwàlì, lọ́wọ́ Ràfátù, lọ́wọ́ Àdìzát tí mo jẹ́ kó dàgbà láìsí bàbá. Bí wọn kò bá fún mi, wọ́n jàre.

Sírájúdéènì wà níbẹ̀ yẹn, ó ti gbọ́. Ràfátù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ní òun kò ní í jókòó títí n ó fi kà á tán. Láwàlì ti tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ láti òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó lé e. Mo ti kà á tán. Ẹ jẹ́ kí Ràfátù máa bọ̀. Ẹ má ká ẹsẹ̀ kò, ẹ má ká apá kò. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ sì wo bí obìnrin yìí ṣe ń rìn.