Pàṣán Tí Àwẹ̀ró Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Gé

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, kí páànù tó dé orí ilé ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé koríko bẹẹrẹ ni gbogbo òrùlé, tí igbó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìyá yín ń sá aṣọ sí lónìí, ìyàwó kan wà ní agbo ilé yìí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tí yóò ṣe, kí ó tètè lọ ṣe é, kí ó má baà gbọ́ ìdajì kí ó máa sọ ìdajì kiri. Àwẹ̀ró yìí ló bí Ọdẹ́bíyìí, Ọdẹ́bíyìí ló bí bàbá tó bí mi. Ojú rẹ̀ ni ẹ ń gbé kiri láìmọ̀.

Àwẹ̀ró kò tíì dàgbà púpọ̀ nígbà náà. Ọmọ ọwọ́ ni Ọdẹ́bíyìí, ó ń hu eyín, kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kan oorun. Bí ọmọ bá húkọ́, àyà Àwẹ̀ró á já. Bí ọmọ bá dákẹ́, àyà rẹ̀ á tún já, á gbé etí sí imú ọmọ bóyá ó ń mí. Ẹ̀yin ìyàwó tó wà níbí, mo rí i tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ní àsìkò ẹyìn, gbogbo obìnrin ilé máa ń kó ẹyìn wọn jọ sójú kan. Wọ́n á jọ sè é, wọ́n á jọ gún un, wọ́n á jọ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù, kòtò ńlá tí wọ́n fi òkúta tẹ́, tí obìnrin ń wọ̀ dé orúnkún tí ó ń fi ẹsẹ̀ fọ epo jáde. Epo tí wọ́n bá bù lójú omi ni wọ́n á wá gbé kaná. Epo gbogbo ilé, èyí tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ló wà nínú àwọn ìkòkò náà. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ìyá ọkọ Àwẹ̀ró, ni olórí iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òun àti àwọn yòókù lọ pọn omi lódò, wọ́n ní kí Àwẹ̀ró jókòó ti iná. Àánú ni wọ́n ṣe é. Wọ́n rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí ó ṣe iṣẹ́ ìjókòó.

Ọmọ bú sẹ́kún. Àwẹ̀ró gbé e, ó fún un lọ́mú, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò sùn o, ojú rẹ̀ kàn wúwo díẹ̀ ni. Nínú díẹ̀ yẹn náà ni epo hó, tí ó kún dà sínú iná, tí iná fò mọ́ ìhá ẹyìn gbígbẹ tí wọ́n kó jọ fún ìdáná, tí ìhá sì gbé e fún òrùlé. Kí Àwẹ̀ró tó la ojú, iná ti dé orí ilé kejì. Ó kígbe, àwọn èèyàn sáré dé, wọ́n gbé àwọn arúgbó jáde, wọ́n tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilé jó. Yàrá Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ jó pẹ̀lú gbogbo aṣọ tó ti ń hun láti ìgbà wúńdíá, epo gbogbo ilé sì di èéfín.

Àwẹ̀ró dúró ní eteetí igbó, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ìyá ọkọ rẹ̀ lókèèrè. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ká ọwọ́ lérí, ó ń sáré yípo ilé, ó ń ké. Ohun tó ń ké ni pé ta ló rí ìyàwó òun, ta ló rí ọmọ ọmọ òun. Ṣùgbọ́n iná ń ké ju ìyá lọ. Àwẹ̀ró kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu tó là gbàǹgbà ló rí, ọwọ́ tó wà lórí ló rí, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé èpè ni ìyá ń ṣẹ́ lé òun lórí. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó wọgbó lọ.

Ahéré àpatì kan wà lódìkejì odò. Ibẹ̀ ló sá sí. Ó ń wa ẹ̀gẹ́ tí olóko fi sílẹ̀ jẹ, ó ń mu omi odò, ọmú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́yẹmí, ti oko ọdẹ dé, ó ń wá a kiri igbó sókè sódò, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu títí tí ohùn náà fi kọjá lọ. Ó rò pé ó wá láti wọ́ òun lọ sílé ni. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fúyẹ́ sí i lójoojúmọ́, ó sì mọ̀ ọ́n lára. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá padà sílé, ọmọ yìí lè má là á. Ó tún mọ̀, bí ó ṣe rò ó, pé òun kò lè padà sílé. Àárín méjèèjì yìí ló wà.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ní àkókò yẹn gan-an ni ìgbàgbọ́ wọ ìlú yìí. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Jòsáyà ló gbé e wá, àgbẹ̀ ni, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro díẹ̀. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Bàbá Olùkọ́. Wọ́n fi ọ̀pá àti imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ ilé ìjọsìn kékeré kan sí ọ̀nà odò, ó sì kọ́ wọn ní orin. Orin náà ní, "Gbà mí, Baba, gbà mí." Ọ̀rọ̀ tiwa ni, ṣùgbọ́n ohùn orin ti òkè òkun wá, kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níbí. Ibi tí ẹnu wa ń rọ ohùn sílẹ̀ ni orin náà ń gbé e sókè. Gbà mí tí wọ́n fẹ́ wí, gbá mi ló ń jáde. Àwọn tó wà nínú ilé mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Ẹni tó bá wà níta ńkọ́?

Ẹni tó wà níta ni Àwẹ̀ró. Ó wá pọn omi ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó gbọ́ ariwo orin, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo ìjọ ń ké pé gbá mi, Baba, gbá mi. Ó yọjú. Ó rí wọn lórí ìkúnlẹ̀, ó rí bàbá àgbà kan tó gbé ọwọ́ sókè lé wọn lórí. Àwẹ̀ró di ojú. Kò lè wo ibi tí ọwọ́ náà máa balẹ̀ sí. Nígbà tó tún la ojú, wọ́n ti ń jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Obìnrin kan tí ìjà rẹ̀ kì í tán láàárín ọjà wà nínú wọn, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìlara ló mú Àwẹ̀ró. Ó jókòó sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún ìlara. Àbàrá kan péré. Wọ́n á gbá èèyàn, ọ̀rọ̀ á tán, èèyàn á padà sílé lọ jẹun. Ta ni kò ní fẹ́ irú àbàrá bẹ́ẹ̀?

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ahéré, ó ń rò ó síwá, ó ń rò ó sẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyẹn kò sun ilé. Àbàrá tó tiwọn. Tòun kò lè jẹ́ àbàrá. Bí ọjọ́ ìsinmi mìíràn ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, ó gé igi àtòrì gígùn kan, ó fi ọ̀bẹ bó o, ó rí i dájú pé ó ń rọ̀, nítorí ó mọ̀ pé èyí tó ń rọ̀ ló ń dunni jù. Ó pọn ọmọ, ó kọjá odò, ó wọ ilé ìjọsìn lọ láàárín orin.

Orin dúró. Gbogbo ojú yí sí i. Ó ti rù, aṣọ ara rẹ̀ ti gbó, ewé wà nínú irun rẹ̀. Ó rìn títí dé iwájú, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na pàṣán sí Bàbá Olùkọ́.

Bàbá bi í pé kí ni pàṣán wà fún.

Ó ní, "Ẹ gbá mi, Bàbá. Mo ti ń gbọ́ yín láti ìta. Àwọn tí kò ṣe nǹkan kan ń bẹ̀ yín kí ẹ gbá wọn, ẹ sì ń gbá wọn, wọ́n ń fi ẹ̀rín lọ sílé. Èmi ni mo sun ilé. Ẹ bá mi ṣe tèmi, kí n lè gbé ọmọ mi wọlé."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹlòmíràn fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a. Ó yé Bàbá Olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ń ráhùn nípa ohùn orin yẹn tipẹ́. Ó rọra tẹ orúnkún rẹ̀ tí ń dùn ún, ó kúnlẹ̀ síwájú Àwẹ̀ró kí wọ́n lè jọ máa sọ̀rọ̀.

"Gbà ni à ń wí, ọmọ mi. Orin ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Gbà, bí a ṣe ń gba ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé."

"Kí ni ẹ ó gbà lọ́wọ́ mi? Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi, àfi èyí."

"Ìwọ gan-an ni Ọlọ́run fẹ́ gbà. Oore-ọ̀fẹ́ ni à ń pè é."

Àwẹ̀ró mi orí. Ó ní, "Ọ̀fẹ́ kọ́ ni mo fi sun ilé, Bàbá."

 Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni Bàbá Olùkọ́ ti kọ́, ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìdáhùn sí ìyẹn. Nígbà náà ni obìnrin kan dìde láti àárín àwọn obìnrin. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ni. Àwẹ̀ró kò mọ̀ pé ìyá ọkọ òun wà níbẹ̀. Bí ó ṣe rí i, ó dojú bolẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ọmọ wà ló wá kọ sókè, ó bá yára tú ọmọ sílẹ̀, ó gbé e sápá kan, kí pàṣán má baà ba ọmọ.

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ gba pàṣán náà lọ́wọ́ rẹ̀.  Ewúrẹ́ kan ti wọlé láti ẹ̀yìn, ó ń fa imọ̀ ọ̀pẹ ògiri jẹ. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ fi pàṣán lé e jáde, ó sì ju igi náà síta tẹ̀ lé e. Ó padà wá dúró níwájú ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, o gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. O ní kí a gbá ọ. Gbá mi mọ́ra ni wọ́n ń wí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá a mọ́ra, tòun ti ọmọ, tòun ti ewé inú irun. Àwẹ̀ró le bí igi. Ó ń sọ sí i létí pé, "Ìyá, mo sun aṣọ yín." Ìyá ní òun mọ̀. Ó ní, "Ìyá, mo sun epo." Ìyá ní òun mọ̀, òun ló ń jẹ ọbẹ̀ funfun tí kò lépo. Àwẹ̀ró ní kò sí ohun tí òun lè fi dípò wọn. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ní, "Ilé ni ìwọ sun. Bí mo bá sọ ohun tí èmi náà ti sun láyé yìí, o ó sá fún mi. Ọwọ́ òfo ni mo fi wọ ibí, Ọlọ́run kò sì lé mi padà. Dìde, ebi ń pa ọmọ." Ìgbà yẹn ni ara Àwẹ̀ró tó rọ̀. Ó sunkún títí tí Ọdẹ́bíyìí pẹ̀lú fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ìjọ sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Ọdẹ́yẹmí kò sí nínú ìjọ, oko ló wà. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó fi ọkọ́ sílẹ̀ láàárín ebè, ó sáré dé. Kò bi í léèrè nǹkan kan. Ó gba ọmọ, ó wo ẹnu rẹ̀, ó ní eyín ti yọ.

Ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Gbígbà rọrùn ju gbígbé nínú rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ kejì, kí àkùkọ tó kọ, Àwẹ̀ró ti gbá gbogbo agbo ilé, ti gbá ojú ọ̀nà, ti pọn omi kún ìkòkò gbogbo ènìyàn. Kì í bá wọn jẹun àfi tí wọ́n bá jẹ kù. Bí ẹnìkan bá húkọ́, á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ń ṣe bí ẹrú. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ fara dà á títí, ó wá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó lé e.

Ó ní, "Ìwọ àti gbá yìí. O ti ní kí a gbá ọ, a kò gbá ọ, ó wá kù kí o gbá ilẹ̀ títí yóò fi lu. Ta ló rán ọ?"

Àwẹ̀ró ní òun kò fẹ́ kí wọ́n kábàámọ̀ ni.

Ìyá tọ́ka sí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ǹjẹ́ Ọdẹ́bíyìí gbá ilẹ̀ kí o tó fún un lọ́mú?"

 Àwẹ̀ró jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ìgbálẹ̀ yẹn náà. Ìyá bu ẹ̀kọ fún un, ó jẹ ẹ́ gbígbóná, ó sì lọ sùn. Wọ́n ní oòrùn ti wọ̀ kó tó jí. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ sunkún tí àyà rẹ̀ kò já, nítorí ó gbọ́ tí ẹlòmíràn ti gbé e.

Mo rí i tí Morẹ́nikéjì ń la ẹnu. O fẹ́ bi mí pé, bí wọ́n bá gba èèyàn báyìí, ṣé kò ní máa sun ilé kiri? Gbọ́. Títí Àwẹ̀ró fi di arúgbó, òun ló ń jókòó ti iná epo ní ilé yìí. Kò sí ẹni tó fi í síbẹ̀, òun ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Kì í ṣe ẹ̀rù ló fi ń ṣe é, orin ló máa ń kọ nídìí iná, wọ́n sì ní a máa ń gbọ́ ọ dé odò. Ìyàwó tó bá ní ọmọ ọwọ́, á ní kí ó lọ sùn.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní Ilé Gbámimọ́ra, tí ẹ sì ń rí i pé ẹni tó bá ṣẹ̀ nílé yìí kì í ro ẹjọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Á dúró, á ní, "Ẹ gbá mi." Ẹni tó bá dàgbà jù nínú ilé gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Mọ́ra," kí ó sì la apá, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè ń bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìyàwó tuntun pẹ̀lú ń sọ ọ́, kó tó wọlé, nígbà tí kò tíì ṣe rere kan fún wa, tí kò sì tíì ṣe búburú. Àti ọmọ tuntun, lọ́jọ́ ìkómọ. Òun kò lè sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilé á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ á máa sùn ní tirẹ̀. A ti gbà á kí ó tó mọ̀ pé òun bẹ̀ wá.