Nítorí Èsì Ìdánwò, A Sin Ìyá Ọmọ Mi Lẹ́yìn Rẹ̀

Bí ènìyàn bá wọ mọ́tò ní Ìkọ̀lé, tí ó gba Ọ̀yẹ́ kọjá, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Ìdó. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ń gbé. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún èmi àti ìyá rẹ̀ ni, Tóun ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún kan tí kò ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilé mi ní Ìpáò. Bí mo bá ránṣẹ́ sí i, yóò ní kí wọ́n bá òun kí mi. Kíkí náà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má rò pé ọmọ burúkú ni. Inú ń bí mi, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo ń bínú sí. Àwọn tó sọ ìwé ẹ̀rí di òrìṣà tí à ń bọ ni mo ń bínú sí, àti èmi tí mo bá wọn gbé ẹbọ náà rù.

Àgbẹ̀ kòkó ni mí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà tí bàbá mi fi kú, mo sì gba oko. Aránṣọ ni ìyàwó mi. Kò kàwé tó mi, ṣùgbọ́n òun ló pinnu pé Tóun gbọ́dọ̀ dé yunifásítì, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló sì gbé e débẹ̀ ju kòkó mi lọ. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti wọlé ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti ń kọ orin kan sí wa létí. Ọ̀gá ilé-ìwé gírámà ni ní Ìkọ̀lé. Dádì Ìkọ̀lé ni Tóun ń pè é, Ẹ̀gbọ́n ni èmi ń pè é. Ó ní kí ọmọ jáde ní yunifásítì kò tó nǹkan mọ́ láyé ìsinsìnyí, kíláàsì tí ó bá fi jáde ni wọ́n ń wò. Bí kò bá ti ní sẹ́kọ́ǹdì kíláàsì ọ́pà, ìyẹn ni pé kí èsì rẹ̀ tẹ̀lé ti àwọn tó mókè pátápátá, kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tí yóò pè é, kò sì sí yunifásítì tí yóò gbà á fún oyè másítà. Òun alára, tádì kíláàsì ló gbà nígbà tirẹ̀. Ó wá oyè másítà títí ó fi sú u, wọn kò gbà á. Bí ó bá ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ a máa pọ́n. “Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi lójú,” ni ó máa ń wí, “wọn ò ní tì í mọ́ ọmọ àbúrò mi.” Ìyàwó mi a ní àmín. Èmi náà a ní àmín. Ta ni yóò kọ ire fún ọmọ rẹ̀?

Ìdánwò àṣekágbá ni Tóun ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Àwọn ológun kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé ìjọba sílẹ̀ nígbà náà, fóònù alágbèéká kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ń rán aṣọ ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ láàárọ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, kò sì rí ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ìyá tó bí i ṣì wà láàyè ní Odò-Orò. Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe irú òkú bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í gbé e sí mọ́ṣúárì, a kì í pe àpèjẹ lé e lórí, kíá ni a ń sin ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹbí ìyàwó mi pé sí pálọ̀ mi. Mo ní kí ẹnì kan lọ mú Tóun wá. Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Ó ní àwọn ìdánwò tó kù ló wúwo jù, pé bí ọmọ náà bá gbọ́, kò ní lè kọ nǹkan kan, kíláàsì náà yóò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní àbúrò òun kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé ní òótọ́ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà, ìyá àgbà tí òkú jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ohun kan náà ló ń wí: “Ẹ jẹ́ ọmọ ó wá ulé. Ẹ jẹ́ ọmọ ó wá ulé.” Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Ọ̀fọ̀ wo? Òun nìkan ni orí rẹ̀ pé nínú gbogbo wa. Wọ́n wá ń wo ojú mi. Ta ló ń bá àna rẹ̀ jà lórí òkú ọmọ wọn? Mo ní kí wọ́n ṣe bí wọ́n ti wí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a sin ín.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Bí ìdánwò bá ti dé ìdajì, ìyá Tóun a máa gbé oúnjẹ lọ fún un. Ẹ̀gbọ́n ní bí kò bá rí ẹnikẹ́ni, yóò fura, kí èmi lọ. Mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Mo wọ bùbá tí ìyàwó mi rán fún mi ní Kérésìmesì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin dín ata sínú ike, mo gbé e pẹ̀lú gàrí, mo lọ. Èmi tí iyẹ̀pẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ lẹ́yìnkùlé mi, mo ń rẹ́rìn-ín níwájú ọmọ mi! Ó bi mí léèrè ìyá rẹ̀. Mo ní ó lọ tọ́jú ìyá àgbà ní Odò-Orò. Ó ṣí ike, ó fi ìka tọ́ ata wò, ó sì wò mí.

“Bàámi, ta ló dín ata yìí? Kì í ṣe ọwọ́ Màámi.”

Mo ní iná ló jó o lọ́wọ́ kí ó tó lọ, àǹtí rẹ̀ ló bá a dín in. Ó ní kí n sọ fún ìyá òun kí ó máa fi àdín pa ojú iná náà. Mo ní mo gbọ́. Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà, mo fi ọwọ́ di ẹnu mú kí igbe má bàa jáde, obìnrin tó jókòó tì mí sì bi mí bóyá eyín ló ń dùn mí.

Ètò wa ni pé bí ó bá parí, àwọn àgbà ìjọ yóò wá jókòó, a ó fi ọgbọ́n sọ ọ́. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tiwa kò tilẹ̀ sáré jìnnà. Tóun dé ṣáájú ọjọ́ tí à ń retí rẹ̀. Ní gáréèjì Ìkọ̀lé, ọlọ́kadà kan tó mọ̀ wá bá a gbé àpò, ó ní, “Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún ìyá yín.” Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi ṣe gbọ́ pé ìyá òun kú, lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gba owó ọkọ̀. Nígbà tí ó dé ilé, kò sunkún, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bi mí ibi tí sàréè wà, ó lọ jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èsì jáde: sẹ́kọ́ǹdì kíláàsì ọ́pà. Ẹ̀gbọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tóun ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó lọ wáṣẹ́ sí Èkó. Ilé-iṣẹ́ tó pe òun àti àwọn mìíràn kó wọn jọ sínú oòrùn bí àgbò ọjà Iléyá, kíláàsì kan náà sì ni gbogbo wọn mú dání. Àwọn tí ènìyàn ńlá tì lẹ́yìn ni wọ́n mú. Ẹ gbọ́ o! Bí ó bá jẹ́ ẹni tí a mọ̀ ni wọ́n fẹ́ bèèrè, kí ló dé tí wọ́n ń kọ kíláàsì gàdàgbà sínú ìwé ìròyìn? Kí ló dé tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwa òbí tí a wà lóko?

Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo ti pa tó, n kò ní pa òmíràn. Kíláàsì náà wúlò níbì kan. Yunifásítì gba Tóun fún oyè másítà, bí èsì rẹ̀ bá sì rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì bá tí gbà á. Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ, òótọ́ náà ló sì tú ilé mi ká. Ó wá kí wa tayọ̀tayọ̀, kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi ní, “Tóun, ṣé o ti rí i báyìí? Ká ní a sọ fún ọ nígbà yẹn, ṣé wàá rí èyí gbà?”

Tóun kò gbé ohùn sókè. “Dádì Ìkọ̀lé, bí mo bá fìdí rẹmi, ìdánwò ń padà wá lọ́dọọdún. Ìgbà mélòó ni ìyá mi tún máa kú, tí mo máa lè wà níbẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n pè é ní aláìmoore. Mo fẹ́ dá sí i, Tóun sì kọjú sí mi. Ó ní, “Bàámi, Dádì Ìkọ̀lé ò wá sí ilé-ìwé wa. Ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín.”

Kò lọ ka másítà náà. Ó ní bí òun bá ṣí ìwé, ojú sàréè ni òun ń rí. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní Ìdó báyìí, ní ilé-ìwé aládàáni kan. Ìyá tó ni ín kò bèèrè kíláàsì kankan, ó kàn bi í bóyá ó ní sùúrù, bóyá ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n sì wà ní Ìkọ̀lé tí ó ń sọ fún àwọn òbí pé ọmọ àbúrò òun ya wèrè. Wèrè kọ́ o.

Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, ẹ ránṣẹ́ pe ọmọ yín, ì báà jẹ́ inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló wà. Ẹni tó bá ní kí ẹ dúró kí kíláàsì má bàa bọ́, ẹ bi í bóyá òun ni yóò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá dé. Èmi, ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ. Àwọn ará ilé ní bàbá kì í bẹ ọmọ, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, yóò rò ó. Mo ti dẹ́kun gbígbọ́ tiwọn. Bí mo bá ta kòkó ọdún yìí, Ìdó ni mò ń lọ, n óò dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo bí, ojú kò ní tì mí. Ohun tí n kò mọ̀, tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi, ni ohun tí n óò sọ nígbà tí ó bá ní kí n dìde.